Òkúta Orí Pèpéle Alàgbà Ọláoyè

Bí Alàgbà Táyéwò Ọláoyè bá ra ẹyin, yóò mì ín létí, yóò gbé e sókè sí oòrùn, yóò sì bi ẹni tó tà á pé irú adìyẹ wo ló yé e. Bí wọ́n bá fún un ní omi inú ọ̀rá, yóò kọ́kọ́ ka gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ títí tí òǹgbẹ fúnra rẹ̀ yóò fi rẹ̀. Àwọn àgbà ní Táyéwò ni Kẹ́hìndé máa ń rán ṣáájú kí ó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Èyí ti lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó ṣì ń tọ́ ọ wò, kò tíì dá a lójú. Kẹ́hìndé tirẹ̀, tí kò dúró de èsì, wà ní Ìbàdàn, ó ń jẹ ayé rẹ̀ jẹ́jẹ́.

A kò lè dá a lẹ́bi púpọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe olùkọ́, ogún nínú rẹ̀ ló sì fi ṣọ́ àwọn ọmọ níbi ìdánwò. Ẹni tó ti rí ìdáhùn tí wọ́n kọ sí itan, tó ti rí ìwé nínú búrẹ́dì, tó ti rí ìwé ìdánwò kan tó gba ojú fèrèsé jáde tí òmíràn sì gba ibẹ̀ wọlé, kò tún lè fi ojú lásán wo ohunkóhun. Nítorí náà ló fi gbọ́n ọgbọ́n kan. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, yóò fọwọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan, láàárín gbùngbùn, kì í ṣe ní etí. Etí ṣeé ya dànù, àárín kò ṣeé ya. Ìwé tí kò bá ti ní orúkọ rẹ̀ láàárín, ìwé olè ni.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìgandò, ó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, wọ́n sì ti fún un ní oyè J.P. lọ́dọ̀ ìjọba, èyí tí kì í gbàgbé láti kọ mọ́ orúkọ rẹ̀, àní nínú ìwé tí àlejò ń fọwọ́ sí lẹ́nu géètì. Ohun kan ṣoṣo ló kù ú kù. Tósìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Kánádà, fi fọ́tò ilé ìdáná ìta kan ránṣẹ́: pèpéle gígùn, òkúta tó ń dán lórí rẹ̀, síǹkì láàárín, iná ẹyín lápá kan. Ó ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ tí wọ́n ń sè nínú ilé kò ti dùn lẹ́nu Alàgbà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìta ni gbogbo wa ti ń dáná látijọ́. Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ wá, a gbé ìdáná wọlé, a sì ń fi ojú àánú wo ẹni tó bá ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Ìgbà tó yá, àwọn olówó tún gbé e jáde, wọ́n ní atẹ́gùn dára fún ọbẹ̀. Ẹni tó ń dáná síta nítorí pé kò ní kíṣìnnì, òtòṣì ni. Ẹni tó ní kíṣìnnì méjì nínú ilé, tó wá kọ́ ìkẹta síta, gbajúmọ̀ ni. Òkúta orí pèpéle ló ń fi ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì hàn.

Ìyá Alàgbà, Màmá Àtọ́kẹ́, kò jáde nítorí pé kò wọlé rí. Lẹ́yìn ilé náà, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà létí ògiri, ni ààrò olókùúta mẹ́ta rẹ̀ wà, àti ọlọ tó bá a wá láti Ìgbẹ́tì, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń gbẹ́ ọlọ tà lẹ́sẹ̀ òkè. Alàgbà kì í dé ibẹ̀. Ó ní èéfín ń ba aṣọ òun jẹ́. Nígbà tí àwọn bíríkìlà wá mọ pèpéle tuntun ti Alàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n ju àpò símẹ́ǹtì lé ọlọ náà, ó là sí méjì. Alàgbà ra ẹ̀rọ ìlọta oníná fún ìyá rẹ̀ dípò. Màmá lò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó tọ́ ohun tó jáde wò, ó ní, "Táyé, omi ìfọṣọ aláta ni èyí," ó sì fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà títí dòní.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Alàgbà àti Olúrẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọgbà Sùrájù olókùúta ní Ìkòtún. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Sùrájù, ẹni bí ogójì ọdún, ṣùgbọ́n eruku òkúta ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di funfun bí ti arúgbó. Àwọn òkúta tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ fara ti irin káàkiri ọgbà náà bí àwọn tó ń dúró de dókítà.

"Ẹ káàbọ̀, Dádì. Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì. Ẹ fara balẹ̀ wò ó, kò sí ìkánjú."

"Èwo ni gidi nínú wọn?" ni Alàgbà fi dá a lóhùn.

"Gbogbo ẹ̀ ni, sà. Òkúta tí Ọlọ́run dá ni. Mi ò kí ń ta èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò."

"Ẹni tó ń ta èyí tí wọ́n pò náà, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wí."

Olúrẹ̀mí ti kọjá lọ ní tirẹ̀. Ó ti rí máàbù kan tó funfun bí wàrà, tí ìlà aláwọ̀ eérú gba inú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí iṣan ọwọ́ ọmọ tuntun. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára.

"Bàbá Tósìn, ẹ wo nǹkan! Èyí ni jàre. Èyí ni."

"Mọ́mì, ẹ má bínú," ni Sùrájù wí. "Inú ilé ló yẹ èyí, ibi tí ẹnìkan ò ti ní fi ata kàn án. Máàbù ò fẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́, kò fẹ́ tòmátì. Tí epo pupa bá sì kán sí i, á mu ún bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mu ọmú. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, aṣọ lẹ óò máa fi bò ó tí àlejò bá ti ń bọ̀."

Ojú Alàgbà kéré sí i. Ta ló ń ta ọjà tó tún ń bú u? Ó ní láti jẹ́ pé ọkùnrin yìí ti ṣèlérí máàbù náà fún ẹlòmíràn, àbí ó ní òkúta kan tí kò tà tó fẹ́ gbé kọ́ òun lọ́rùn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ó yọ ọsàn wẹ́wẹ́ kan tó ti là sí méjì láti ilé, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó yọ ìgò oògùn ikọ́ kékeré kan tí epo pupa wà nínú rẹ̀.

"Ìdánwò ni," ló wí.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì tíì fún..."

Ó ti fún un. Ọsàn náà hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí máàbù bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n nù ún, dídán ibẹ̀ ti lọ, ó rí bí ojú ẹja tó ti kú láti àná. Sùrájù wo ibẹ̀, ó wo Alàgbà, ó mí kanlẹ̀.

"Òótọ́ lo sọ," ni Alàgbà wí, bí ẹni pé ìyẹn gan-an ló ya òun lẹ́nu.

"Ẹ kú ìdánwò, sà. Òkúta tó fìdí rẹmi yẹn, tèmi ni ṣá."

Ó kan gíránáìtì. Dúdú ni, tí wóró kéékèèké aláwọ̀ oyin wà nínú rẹ̀ káàkiri. Alàgbà fún ọsàn sí i, kò hó. Ó da epo sí i, wọ́n jókòó tì í títí Olúrẹ̀mí fi mu ìgò mọ́ọ̀tì kan tán. Wọ́n nù ún, kò sí àpá. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ha á, kọ́kọ́rọ́ ló yẹ̀.

"Ìkòkò gbígbóná náà ò lè ṣe é ní nǹkan," ni Sùrájù wí. "Ẹ gbé e lé e látorí iná tààrà."

Alàgbà kò gbé ìkòkò wá láti ilé, ó sì dùn ún. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba gbogbo ìbéèrè láìṣi ẹyọ kan, ó ní ibi tó fi ìwé pamọ́ sí.

Níkẹyìn ó gbá ọ̀kan nínú àwọn gíránáìtì náà láyà. "Èyí ni mo fẹ́. Èyí gan-an o. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í ṣe àbúrò rẹ̀."

"Kò séwu, Dádì. Ọ̀kan náà sá ni gbogbo wọn, inú àpáta kan náà ni wọ́n ti gé wọn. Ẹ wò ó, wọ́n jọra bí ìrẹsì."

Ọ̀rọ̀ tí Sùrájù rò pé ó máa fi ọkàn oníbàárà rẹ̀ balẹ̀ nìyẹn, òun gan-an ló sì ba gbogbo nǹkan jẹ́. Bí wọ́n bá jọra, a jẹ́ pé wọ́n ṣeé pààrọ̀.

Wọ́n pe ìrun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí ìtòsí. Sùrájù tọrọ gáfárà, ó gbé bútà omi rẹ̀, ó lọ. Olúrẹ̀mí ń bá Tósìn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń ṣàpèjúwe máàbù tí kò rí rà. Alàgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ́ gba ẹ̀yìn òkúta náà, níbi tí kò dán. Ó fa máàkà funfun yọ lápò, ó sì kọ ọ́ láàárín gbùngbùn, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ṣì máa ń sín jẹ: Alàgbà T. A. Ọláoyè, J.P. Ó fi déètì sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún Olúrẹ̀mí pàápàá. Àmì tí ènìyàn méjì bá ti mọ̀, ìkíni lásán ni.

Sùrájù dé, omi àlùwàlá ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Síǹkì ńkọ́, Dádì? Níbo lẹ fẹ́ kó wà?"

Alàgbà na fóònù sí i. "Bó ṣe wà nínú fọ́tò yìí gẹ́lẹ́. Mi ò fẹ́ àfikún, mi ò fẹ́ àyọkúrò."

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wá tò ó. Alàgbà ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ lórí àga tuntun tí wọ́n fẹ́ rà fún àwọn alàgbà, kò sì fẹ́ kí wọ́n yan àga láìsí òun níbẹ̀. Nígbà tó dé, iṣẹ́ ti parí. Òkúta dúdú náà nà gbalaja lórí pèpéle, ó ń dán débi pé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé rí òjìji orí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Alàgbà yà á ní fọ́tò láti igun mẹ́rin. Ó fi ránṣẹ́ sí Tósìn, ó gbé e sórí WhatsApp kí gbogbo ayé rí i. Lẹ́yìn náà ló dúró de ìgbà tí Olúrẹ̀mí wọlé.

Wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ nísàlẹ̀ pèpéle fún sílíńdà gáàsì àti àpò èédú. Alàgbà wo ẹ̀yìn, ó ká ṣòkòtò funfun rẹ̀ sókè, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó sì fà wọ abẹ́ ibẹ̀ bí mẹkáníìkì. Ó tan iná fóònù. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó yí síǹkì po. Òkúta náà mọ́ lábẹ́ tónítóní. Kò sí Alàgbà, kò sí Ọláoyè, kò sí J.P.

Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kẹta. Àyà rẹ̀ já, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn, inú rẹ̀ tún dùn díẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀! Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

"Bàbá Tósìn!" Ẹsẹ̀ Olúrẹ̀mí ló kọ́kọ́ rí. "Kí lẹ sọnù sábẹ́ ibẹ̀?"

"Iṣẹ́ wọn ni mò ń yẹ̀ wò."

"Pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ó fà jáde, eruku símẹ́ǹtì ti kùn ún lẹ́yìn. "Olúrẹ̀mí, kí lo fún àwọn tó wá ṣiṣẹ́ jẹ?"

"Ìrẹsì."

"Pẹ̀lú ẹran?"

"Ẹ̀yin náà ẹ! Ṣé ìrẹsì lásán ni mo máa gbé fún wọn ni? Ẹran méjì méjì."

Alàgbà mi orí. Ẹran méjì. Obìnrin tí kì í fún ọkọ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀rí mìíràn tún yọjú. Ìró kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé, lápá ibi ògiri: kọ́, kọ́, kọ́. Ìró irin lára òkúta ni. Ní òdìkejì ògiri náà ni Ọ̀gbẹ́ni Henry ń gbé, ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, tí kò sì sí ohun tí Alàgbà ṣe rí tí kò ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì. Alàgbà kun géètì, Henry kun géètì. Alàgbà gbin òdòdó, Henry gbin òdòdó tó ga ju ti Alàgbà lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n to òkúta náà, Henry ti ké láti orí bákónì rẹ̀ pé, "Alàgbà mi, òkúta yín yìí wọ̀ mí lójú gan-an o! Mo ti gba nọ́ńbà Sùrájù. Ó ń bọ̀ wá ṣe tèmi."

Kọ́, kọ́, kọ́. Alàgbà gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ géètì níbi tí ògiri ti kúrú, ó gòkè, ó yọjú. Ó rí bílọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ. Ó rí ohun kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí wọ́n fi tapólì bò. Ó sọ̀kalẹ̀. Kò sí ohun tó kù láti ṣèwádìí. Òkúta tó fi ọsàn, epo àti kọ́kọ́rọ́ dán wò wà lábẹ́ tapólì Henry, wọ́n sì ti gbé ẹ̀dà rẹ̀ tí kò ṣèdánwò kankan wá fún òun.

Ó pe Sùrájù lórí fóònù láti gbọ́ bí ohùn rẹ̀ yóò ṣe rí. "Sùrájù, ṣé àlàáfíà ni òkúta mi wà?"

"Ọ̀dọ̀ yín ló wà, Dádì. Ẹ̀yin ló yẹ kí n bi."

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fi òun ṣẹ̀sín!

Ìró náà dún fún ọjọ́ mẹ́ta, ó dákẹ́ ní Ọjọ́rú. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọbẹ̀ ilé náà tún padà dùn bí ó ṣe ń dùn kí àwọn bíríkìlà tó dé, ata rẹ̀ kúnná, ó sì ń ta sánsán. Alàgbà ń jẹ ẹ́, ó ń lá ìka. Ọbẹ̀ náà nìkan ni ohun tí kò fura sí lọ́sẹ̀ náà.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó ní kí Sùrájù àti Henry wá bá òun ṣí ilé ìdáná tuntun. Henry wọ fìlà, ó gbé ìgò wáìnì kan dání. Sùrájù wọ jàlábíà funfun, inú rẹ̀ dùn, nítorí kò sí oníbàárà tó tún máa ń pè é padà wá jẹun lórí òkúta tó tò. Olúrẹ̀mí ń fọ ẹja ní síǹkì. Lẹ́yìn ilé lọ́hùn-ún, Màmá ń lọ ata tí wọ́n máa fi pa ẹja náà lára, ìró rẹ̀ ń bọ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́.

Alàgbà jẹ́ kí wọ́n jókòó tán. Ó dìde bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà.

"Sùrájù, mélòó ni òkúta tó o ti pààrọ̀ láyé ẹ?"

Sùrájù rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. "Mi ò gbọ́ yín dáadáa, sà."

"Òkúta tí mo yàn kọ́ ló wà níbí. Mo kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn tèmi nígbà tó o lọ kírun. Mo ti wo abẹ́ èyí lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí orúkọ níbẹ̀. Tèmi wà níbòmíràn, ẹni tó gbé e pamọ́ sì mọ ara rẹ̀." Ó yíjú sí Henry. "Lábẹ́ tapólì."

"Tapólì èwo?" ni Henry bi í. "Páànù tó jábọ́ lórí ilé adìyẹ mi ló wà lábẹ́ tapólì! Alàgbà, ẹ̀ ń yọjú sí ilé mi?"

Alàgbà ki ọwọ́ bọ àpò. Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi sórí WhatsApp àwọn onílé àdúgbò yìí nìyí. Mo ti kọ ọ́ tán. 'Ẹ ṣọ́ra fún Sùrájù olókùúta ti Ìkòtún. Olè ni.' Ìka kan ló kù."

Ojú Sùrájù yí padà. Ó dìde, ó tún jókòó. "Dádì, ẹ má tẹ nǹkan yẹn, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ òkúta ibi àlùwàlá mọ́ṣáláṣí wa fún. Tí wọ́n bá gbọ́ pé mo jalè, ta ló máa fi ẹsẹ̀ tẹ òkúta mi lọ síwájú Ọlọ́run? Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Orúkọ nìkan ni mo fi ń jẹun."

"Orúkọ náà ni èmi ń wá," ni Alàgbà wí.

Henry ti gbé wáìnì rẹ̀ padà sórí itan. "Sùrájù, tó bá jẹ́ òótọ́ ni, má wulẹ̀ dé ilé mi mọ́ o. Mi ò fẹ́ òkúta tó máa sọ mí di agbòdegbà."

Sùrájù wo òkúta náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó ń ka ilé tó kọjá lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé:

"Níbo lára rẹ̀ lẹ kọ orúkọ yín sí, Dádì?"

Ìbéèrè tí Alàgbà ti ń dúró dè nìyẹn. Ó na ọrùn. "O rò pé etí ni mo máa kọ ọ́ sí, kó o lè gé e dànù? Ogún ọdún ni mo fi ṣọ́ ìdánwò, ọmọ yìí. Láàárín ni mo kọ ọ́ sí. Láàárín gbùngbùn! Kò sí olè tó ń gé àárín."

Sùrájù wo síǹkì. Henry wo síǹkì. Olúrẹ̀mí, tó gbé ẹja dání lórí síǹkì náà, wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì rọra sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó dúró lórí ìtẹ́ ọba láìmọ̀. Ihò ńlá onígun mẹ́rin tó wà láàárín òkúta Alàgbà hàn sí gbogbo wọn. Omi ń kán nínú rẹ̀, tó, tó.

"Bó ṣe wà nínú fọ́tò gẹ́lẹ́ lẹ ní kí n ṣe é," ni Sùrájù wí.

Ó yẹ kí Alàgbà jókòó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fura fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kì í fẹ́ kó já sófo. "Ó dáa. Àárín tí o gé dà? Ó dájú pé o ti gbé e lọ! Ẹ̀rí ti lọ, àbí?"

"Mi ò gbé e lọ, sà. Màmá ló tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi."

"Màmá ta?"

"Màmá yín ni," ni Olúrẹ̀mí wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Ojú mi ló ṣe. Ẹ ò bi mí nípa ìyẹn. Ẹran lẹ bi mí."

Gbogbo wọn rọ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé. Alàgbà kò tíì dé ibẹ̀ láti ìgbà òjò tó kọjá. Màmá Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó di ọmọ ọlọ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń lọ ata lórí òkúta dúdú onígun mẹ́rin kan tó tẹ́ sórí àpò yanrìn. Ojú òkúta náà kò dán mọ́. Ó ti fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu ṣóṣóró gún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí tó fi ní eyín, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Òòlù náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alàgbà wò ó, ó sì mọ ẹni tó ń kan kọ́, kọ́, kọ́.

"Ẹ káàsán, Màmá," ni Sùrájù kí i, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti jàlábíà funfun.

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́! Wá wo ohun tí mo fi ẹ̀bùn rẹ ṣe. Òkúta yìí le o. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a jà. Ká ní bàbá mi wà láyé, ì bá kì ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká yí i padà," ni Alàgbà wí.

"Kí ẹ yí kí ni padà?"

"Ọlọ yẹn. A fẹ́ wo ìdí rẹ̀."

Màmá kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Ṣé o rí ata tó wà lórí ẹ̀? Ẹ dúró kí n lọ èyí tán."

"Màmá, ọ̀rọ̀ olè ni."

"Olè tó bá ti dúró dè yín títí di ìsinsìnyí, á tún dúró díẹ̀ sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dúró, alàgbà ìjọ, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, olókùúta, àti obìnrin tó gbé ẹja tútù dání, tí ìyá arúgbó ń lọ ata níwájú wọn láìkánjú. Ó fi ata rodo kún un. Ó wọ́n omi sí i. Ata ta Henry lójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu omijé. Ìka Alàgbà ṣì wà lórí fóònù.

Nígbà tí Màmá kó ata náà sínú abọ́ tán, tó fi omi ṣan ojú ọlọ, ó ní, "Ó yá."

Sùrájù àti Henry gbé e sókè, wọ́n yí i. Yanrìn lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, omi ata sì ti ṣàn dé etí kan. Henry fi ọwọ́ gbọn yanrìn náà kúrò, ó sì ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè, bí ẹni tó ń ka orúkọ èrò ọkọ̀:

"Alàgbà. T. A. Ọláoyè. J.P." Ó sún mọ́ ọn. "Déètì náà wà ńbí."

"Orúkọ ta ni?" ni Màmá béèrè.

"Ti ọmọ yín ni, Mà."

Màmá pàtẹ́wọ́. "Táyé! Ìwọ lo rà á fún mi, tó o tún kọ orúkọ sí i, tó o wá jẹ́ kí n máa rò pé mo tọrọ ẹ̀ ni? Ọmọ mi! Wàá jẹ èrè iṣẹ́ ẹ. Wọn ò ní fi ohun rere dù ọ́. Ẹnìkan ò ní pààrọ̀ ògo ẹ."

"Àmín," ni Sùrájù wí, tọkàntọkàn.

Àdúrà náà gùn. Alàgbà tẹríba gbogbo rẹ̀, nítorí kò sí ibòmíràn tó lè kọjú sí. Nígbà tó parí, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

"A ò gbọ́ o," ni Henry wí.

"Mo ní, Sùrájù, má bínú."

"Mi ò bínú, Dádì. Bàbá mi lẹ jẹ́." Sùrájù gbọn yanrìn kúrò lára jàlábíà rẹ̀. Ó tọ́ka sí fóònù. "Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tẹ nǹkan yẹn báyìí. Ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Èmi náà fẹ́ kí orúkọ yín wà lẹ́yìn orúkọ mi."

Kò sí ohun tí Alàgbà lè ṣe. Ó pa èyí tó ti kọ rẹ́, ó kọ òmíràn lójú gbogbo wọn: pé òkúta tí Sùrájù olókùúta ti Ìkòtún tò fún òun, èyí tí òun yàn gan-an ni, pé òun ti ṣèwádìí rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, pé ọmọlúàbí ènìyàn ni. Ó ronú díẹ̀, ó sì fi J.P. sí i. Henry ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní kí Sùrájù wá wọn pèpéle tòun lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n pé òun fẹ́ kí síǹkì wà ní etí.

Wọ́n jẹ ẹja náà. Ata rẹ̀ ta wọ́n, wọ́n yìn ín. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, tí oòrùn ṣì kù díẹ̀ lójú ọ̀run, Alàgbà nìkan rọra yípo lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ náà, ó fi ọwọ́ kan gbé etí rẹ̀ sókè, ó tan iná fóònù sí abẹ́ rẹ̀. Ó ń wo ẹsẹ̀ lẹ́tà Y inú Ọláoyè. Ó dà bí ẹni pé èyí tẹ̀ sí òsì díẹ̀ ju bí òun ṣe máa ń kọ ọ́ lọ.

"Táyé," ni Màmá pè é láti ìdí ààrò, "gbé e sílẹ̀. Ata ọ̀la wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ níbẹ̀ yẹn. Tó ò bá níṣẹ́ ṣe, kúnlẹ̀ kó o lọ̀ ọ́."